Ìsinmi àti Owó Ìsọdọmọ Lábẹ́ Òfin Britain: Èsì sí Ìbéèrè Arábìnrin Kan ní Leeds

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ní Leeds, ìwé ìgbélùú mi sì ti pé. Èmi àti ọkọ mi kò tíì bímọ, káńsù sì ti fọwọ́ sí i pé a lè gba ọmọ sọ dọmọ. Ní báyìí, wọ́n ti rí ọmọkùnrin ọlọ́dún méjì kan tí wọ́n rò pé yóò bá wa mu, ìgbìmọ̀ tí yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ náà yóò sì pàdé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí i. Oṣù mẹ́rin péré ni mo tíì lò níbi iṣẹ́ tuntun mi, ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Nígbà tí mo sọ fún máníjà mi, ó ní ìsinmi ọmọ wà fún ẹni tó bá fúnra rẹ̀ bímọ, pé bí ó bá tilẹ̀ wà fún mi, mo gbọ́dọ̀ ti lo ọdún kan níbi iṣẹ́, àti pé kò lè bẹ̀rẹ̀ títí ilé ẹjọ́ yóò fi fi ọmọ náà lé wa lọ́wọ́. Ọkọ mi ń wa takisí fún ara rẹ̀, físà tí wọ́n fún un nítorí ìgbéyàwó wa ló sì ń lò; ẹ̀rù ń bà á pé bí mo bá gba owó kankan, yóò ba ìwé òun jẹ́. Àbúrò mi ní Ìbàdàn náà tún ní kí n wá mú ọmọbìnrin òun kan kí n máa tọ́ ọ. Ṣé ìsinmi yìí lè wà fún ìyẹn náà? Kí ni ẹ̀tọ́ mi gan-an?”

Arábìnrin mi, mo bá yín yọ̀ gidigidi, mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máníjà yín ba ayọ̀ yìí jẹ́. Ìdààmú tó wà nínú lẹ́tà yín pọ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á ni mo ń rí i pé orísun kan náà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń ṣàn wá: wọ́n ti jẹ́ kí ẹ gbà pé ohun kan náà ni ìsinmi àti owó. Òfin Britain yà wọ́n sọ́tọ̀, ohun tó sì ń béèrè kí ẹnì kan tó lè ní ọ̀kan yàtọ̀ sí ohun tó ń béèrè fún èkejì. Ó ṣeé ṣe kí òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi odindi ọdún kan láìní ẹ̀tọ́ sí kọ́bọ̀ kan nínú owó tí òfin là sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tiyín sì fẹ́ rí bí a kò bá kíyè sí ọjọ́ kan tí máníjà yín kò tilẹ̀ dárúkọ. Ọjọ́ náà ni ọjọ́ tí àjọ ìsọdọmọ bá fi tó yín létí pé wọ́n ti so ẹ̀yin àti ọmọ náà pọ̀, èyí tí gbogbo wa níhìn-ín ń pè ní matching. Òun ni òfin fi ń ṣírò, kì í ṣe ọjọ́ tí ọmọ wọlé, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí adájọ́ fọwọ́ sí ìwé. Iṣẹ́ ṣíṣètò owó oṣù ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ní London, mo sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé púpọ̀ nínú àwọn òbí tí mo rí tí owó yìí bọ́ mọ́ lọ́wọ́, ohun tó fà á ni pé kò sí ẹni tó bá wọn ka ọ̀sẹ̀ nígbà tí kíkà ṣì wúlò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìsinmi, nítorí níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ yín ti múlẹ̀ jù lọ. Ní England, Scotland àti Wales (Northern Ireland ní òfin iṣẹ́ tirẹ̀), ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ lábẹ́ àdéhùn ìgbanisíṣẹ́, tí àjọ tí òfin mọ̀ sì ti so pọ̀ mọ́ ọmọ, ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ìsọdọmọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá wọ ibi iṣẹ́ náà. Ọ̀sẹ̀ 52 ni gbogbo rẹ̀, 26 àkọ́kọ́ àti 26 àfikún. Ẹ kò nílò ọdún kan, ẹ kò sì nílò oṣù kan pàápàá. Mo lóye ibi tí máníjà yín ti rí ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí kò dédé hù ú jáde. Nígbà tí ìsinmi ìsọdọmọ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Britain ní oṣù kẹrin 2003, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti lo ọ̀sẹ̀ 26 kó tó lè gbà á, owó rẹ̀ sì kéré sí ti ìyá tó bímọ, nítorí pé òbí tó gba ọmọ kì í rí ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Òfin Children and Families Act ti ọdún 2014 ló yí èyí padà. Láti ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2015 ni ìsinmi ti di ẹ̀tọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, tí owó náà sì ti bá ti ìyá tó bímọ dọ́gba. Ṣùgbọ́n ìwé ìlànà ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kéékèèké kò yí padà kíákíá, àwọn ọ̀gá tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ òfin àtijọ́ sì ń sọ ọ́ lọ bí ẹni pé ó ṣì wà. Ẹ kò gbọ́dọ̀ bá a jà. Ẹ sáà jẹ́ kó mọ̀ pé òfin tó ń tọ́ka sí ti kọjá lọ.

Ti ilé ẹjọ́ tó sọ kò tọ̀nà rárá, èyí sì ni èyí tó lè pa yín lára jù bí ẹ bá gbà á gbọ́. Ẹ ó rántí pé ní England, bí àjọ bá fi ọmọ sọ́dọ̀ yín, ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti bá yín gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ó kéré tán kí ẹ tó lè gbé ẹ̀bẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́, àṣẹ ìkẹyìn sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn gan-an ni ọmọ nílò yín jù lọ, torí ilé tuntun ni, òórùn tuntun, ojú tuntun, kò sì tíì mọ̀ bóyá ẹ̀yin náà yóò tún kúrò lọ́dọ̀ òun. Ìdí nìyí tí òfin fi so ìsinmi mọ́ ọjọ́ tí ọmọ bá wá gbé lọ́dọ̀ yín. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, tàbí kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá tó ṣáájú rẹ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ lo díẹ̀ nínú ọjọ́ mẹ́rìnlá náà bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí àwọn ọjọ́ ìfojúmọ̀, nígbà tí ẹ ń lọ síbi tí alágbàtọ́ rẹ̀ wà láti fi ara yín mọ̀ ọ́n, kì í jẹ́ kí èèyàn lè ṣiṣẹ́ alẹ́ kó tún jí ní òwúrọ̀. Ṣáájú ìyẹn pàápàá, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti so yín pọ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kúrò níbi iṣẹ́ pẹ̀lú owó fún ìpàdé márùn-ún tó jẹ mọ́ ìsọdọmọ náà, wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gba ọmọ ìyá méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìsinmi kan ṣoṣo náà ni.

Owó wá ńkọ́? Níhìn-ín ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ tí kò ní dùn mọ́ yín. Láti gba owó ìsọdọmọ tí òfin là sílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti bá agbanisíṣẹ́ kan náà ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 26 ní àtòtẹ̀lé títí di òpin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ìsopọ̀ náà tó yín létí. Nínú ìṣirò yìí, ọjọ́ Àìkú ni ọ̀sẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló sì ń parí. Ẹ ní oṣù mẹ́rin ni ẹ ti lò, ìyẹn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 17. Ìgbìmọ̀ yóò pàdé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí i, ó di 22. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni ìgbìmọ̀ ń mú wá. Ọ̀gá kan nínú àjọ náà ló ń ṣe ìpinnu lẹ́yìn wọn, ìgbà tí ìpinnu rẹ̀ bá sì tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni ọjọ́ tí à ń wá. Ó lè di ọ̀sẹ̀ 23 tàbí 24. Bí nǹkan bá lọ bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ bíi méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ pé. Kò wúlò láti sọ pé nígbà tí ọmọ bá fi máa dé, ẹ ó ti pé ọ̀sẹ̀ 26. Òfin kò wo ìgbà tí ọmọ dé fún èyí. Nítorí náà, ẹ lọ wo ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín lónìí, kí ẹ rí ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ gan-an, nítorí “oṣù mẹ́rin” tí a ń fi ẹnu sọ lè jẹ́ oṣù mẹ́rin àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ìwé.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ wádìí kí ẹ tó sọ ìrètí nù, torí ó wọ́pọ̀ ní ẹ̀ka iṣẹ́ yín. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ lò lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ mìíràn kì í wọ inú ìṣirò yìí, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ilé ìtọ́jú kan náà ni ẹ wà tẹ́lẹ̀, tí ilé iṣẹ́ tuntun wá rà á tàbí gba iṣẹ́ ibẹ̀, tí wọ́n sì ní kí gbogbo yín fọwọ́ sí ìwé tuntun, òfin sábà máa ń ka iṣẹ́ yín sí èyí tí kò dá dúró, ọdún tí ẹ ti lò tẹ́lẹ̀ sì ń bá yín bọ̀. Mo ti rí òṣìṣẹ́ tó rò pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó sì jẹ́ pé òun ni ó ti pẹ́ jù níbẹ̀. Bí ẹ bá fúnra yín fi ibì kan sílẹ̀ lọ síbòmíràn, èyí kò kàn yín.

Ká ní ẹ pé ọ̀sẹ̀ 26 tàbí pé ọjọ́ ìpinnu sún síwájú, owó náà yóò jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ 39 nínú 52. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ẹ ń gbà lọ́sẹ̀ ni, kí wọ́n tó yọ owó orí. Ní ọ̀sẹ̀ 33 tó kù, iye kan pàtó tí ìjọba ń kéde ní oṣù kẹrin ọdọọdún ni, tàbí ìdá àádọ́rùn-ún náà bí òun ló bá kéré jù. Fún ọdún owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025, iye náà jẹ́ £187.18 lọ́sẹ̀. Bí a bá fi iye ọdún yẹn ṣírò, ẹ jẹ́ ká sọ pé £480 ni ẹ ń gbà lọ́sẹ̀: ẹ ó gba £432 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó jẹ́ £2,592, lẹ́yìn náà £187.18 fún ọ̀sẹ̀ 33, tó jẹ́ £6,176.94. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £8,768.94 kí wọ́n tó yọ owó orí àti National Insurance (owó ìdáàbòbò tí wọ́n ń yọ lára owó iṣẹ́ fún ìjọba), ọ̀sẹ̀ 13 tó gbẹ̀yìn kò sì ní owó kankan. Ẹ rí i pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹfà ni nǹkan ń le; ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń padà síṣẹ́ ṣáájú bí wọ́n ṣe fẹ́. Ìpíndọ́gba iye tí ẹ ń gbà lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń wò nínú nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó ṣáájú òpin ọ̀sẹ̀ ìsopọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tó £125 lọ́sẹ̀ fún ọdún 2025 sí 2026. Owó iṣẹ́ àfikún wà nínú ìṣirò náà. Nítorí náà, bí ẹ bá lágbára láti ṣe àfikún iṣẹ́ ní àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn, yóò hàn nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá sì gba àyè láìsí owó ní àkókò náà, ìyẹn náà yóò hàn.

Wàyí o, bí ẹ kò bá pé ńkọ́? Àwọn kan yóò sọ fún yín pé kí ẹ bẹ àjọ náà kí wọ́n sún ìpàdé ìgbìmọ̀ síwájú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀. Ọmọ tó ti ń dúró láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọwọ́ kò yẹ kó máa dúró nítorí ìṣirò owó wa, àjọ náà sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ìmúrasílẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n sísọ òtítọ́ fún social worker yín nípa ipò owó yín yàtọ̀ pátápátá sí bíbẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dúró. Ẹ sọ ọ́ fún un, ẹ sì sọ ọ́ báyìí, kí ọmọ tó dé. Àwọn káńsù ní England ní agbára láti fi owó ran ìdílé tó gba ọmọ lọ́wọ́, ìlànà ìjọba sì ní kí wọ́n ronú lórí sísan owó tó ṣe déédéé pẹ̀lú Maternity Allowance (owó tí ìjọba ń san fún ìyá tó bímọ tí kò lè gba owó ọmọ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́) fún àwọn òbí tí kò lè gba owó tí òfin là sílẹ̀. Wọ́n lè sọ pé rárá, nítorí pé kì í ṣe dandan fún wọn, ohun tí káńsù kan sì ń ṣe kì í ṣe ohun tí èkejì ń ṣe. Síbẹ̀, àkókò tó dára jù láti béèrè ni ìgbà tí wọ́n ń kọ ètò ìrànlọ́wọ́ fún ìsọdọmọ náà, kí ohun tí wọ́n bá gbà wà nínú rẹ̀ ní kíkọ. Ẹni tó bá dúró títí ọmọ fi dé kó tó béèrè sábà máa ń gbọ́ pé ètò ti parí.

Ọ̀nà méjì mìíràn tún wà. Ẹ wo àdéhùn iṣẹ́ yín àti ìwé ìlànà ilé iṣẹ́ náà, nítorí àwọn agbanisíṣẹ́ kan máa ń san owó ìsọdọmọ tiwọn lórí èyí tí òfin là sílẹ̀, pẹ̀lú ìlànà tiwọn. Ẹ̀wẹ̀, ìsinmi ọdọọdún yín kì í dá dúró nígbà tí ẹ bá wà nínú ìsinmi ìsọdọmọ, ì báà jẹ́ pé ẹ ń gba owó tàbí ẹ kò gbà. Òfin fún òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 5.6 lọ́dún, a sì lè lo èyí tó ti wà nílẹ̀ kí ìsọdọmọ tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì fi èyí tó kó jọ nígbà ìsinmi sí ìparí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan pẹ̀lú owó kíkún ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí ti gba ìdílé púpọ̀ là lójú mi. Bí ẹ bá sì fẹ́ padà síṣẹ́ ṣáájú ìgbà tí ẹ sọ, ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti mọ̀.

Ti ọkọ yín: ẹnì kan ṣoṣo nínú tọkọtaya ló lè gba ìsinmi ìsọdọmọ, ẹ̀yin ni ó sì yẹ kó jẹ́, nítorí pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ kò ní ìsinmi yìí, kò sì ní owó rẹ̀, kò tilẹ̀ ní owó ìsinmi bàbá ọlọ́sẹ̀ méjì tí òṣìṣẹ́ ń gbà. Èyí jẹ́ àléébù nínú òfin, ó sì ń dùn mí, nítorí pé àwọn awakọ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tiwa pọ̀ nínú àwọn tó bọ́ sínú àléébù yìí. Ìpín ìsinmi láàárín òbí méjì tún wà nínú òfin, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 26 kan náà kó tó lè lò ó, nítorí náà kò ní yanjú ìṣòro yín. Ní ti físà rẹ̀, ọkàn yín lè balẹ̀ lórí kókó kan: owó ìsọdọmọ tí òfin là sílẹ̀ kò sí lára àwọn owó ìjọba tí wọ́n kà léèwọ̀ fún ẹni tó ní físà. Agbanisíṣẹ́ ló ń san án nítorí pé ẹ ṣiṣẹ́, ó sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà lọ́dọ̀ HMRC, àjọ owó orí ìjọba Britain. Child Benefit (owó tí ìjọba ń san fún títọ́ ọmọ) àti Universal Credit (owó ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀) ni ó wà lára àwọn tí wọ́n kà léèwọ̀ fún un. Ẹ̀yin tí ìwé yín ti pé lè béèrè wọn ní orúkọ ara yín, àmọ́ ìṣirò Universal Credit fún tọkọtaya tí ìwé wọn kò dọ́gba ní ìdíjú nínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí ẹ ronú nípa ìgbà tí ọkọ yín yóò tún físà rẹ̀ ṣe, nítorí owó oṣù yín ni wọn yóò fẹ́ wò. Àyè wà nínú ìlànà náà láti wo owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà kó tó wọ ìsinmi ìsọdọmọ, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe amòfin ìwọ̀lú, mi ò sì ní fẹ́ kí ẹ gbára lé ọ̀rọ̀ mi níbẹ̀. Ẹ wá ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti gbani nímọ̀ràn lórí rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ìkìlọ̀ kan nípa iṣẹ́ àfikún. Mo mọ bí àwa ènìyàn wa ṣe ń fi shift ẹ̀gbẹ́ gbé ara wa ró. Bí ẹ bá ń gba owó ìsọdọmọ, òfin gba yín láàyè láti ṣiṣẹ́ fún agbanisíṣẹ́ yín fún ọjọ́ mẹ́wàá nínú ìsinmi náà láìpàdánù ohunkóhun, bí ẹ̀yin méjèèjì bá fohùn ṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ ṣiṣẹ́ fún agbanisíṣẹ́ mìíràn tí kò gbà yín síṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ ìsopọ̀, ó lè fòpin sí owó náà, wọ́n sì lè ní kí ẹ dá èyí tí kò tọ́ sí yín padà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó gba shift kankan.

Ní ti ọmọ àbúrò yín, èsì mi ni pé rárá, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀ dáadáa nítorí ewu tó wà nínú rẹ̀. Gbígba ọmọ ẹbí sọ́dọ̀ láti tọ́ ọ kì í ṣe ohun tuntun nílé wa. Ilé tí a kò ti ṣe é ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n òfin ìsinmi yìí kò mọ ètò tí ẹbí ṣe láàárín ara wọn. Kò sí fún ẹni tó gba ọmọ láìgba ọwọ́ àjọ tí òfin mọ̀, kò sí fún ẹni tó gba ọmọ ọkọ tàbí aya rẹ̀, kò sì sí fún ẹni tí ilé ẹjọ́ fi ṣe alágbàtọ́ pàtàkì, ìyẹn special guardian, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀sán àti òru kan náà ni wọ́n ń ṣe. Fún ọmọ tó wá láti òkè òkun, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ aláṣẹ ní Britain kí ìsinmi tó lè sí, ojú ọ̀nà yìí sì ti há fún àwa ọmọ Nàìjíríà. Láti oṣù kẹta 2021 ni ìjọba Britain ti dá ìsọdọmọ láti Nàìjíríà dúró, àfi bí èèyàn bá fi ìdí àrà ọ̀tọ̀ hàn tí wọ́n sì gbà á. Mímú ọmọ wọ Britain láti sọ ọ́ dọmọ láìtẹ̀lé ìlànà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ apá 83 nínú òfin Adoption and Children Act ti 2002, ó sì lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n. Ẹ tún rò ó wò pé káńsù ń ṣètò láti fi ọmọ kan lé yín lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ ń mú òmíràn bọ̀ láìsọ fún wọn, ohun gbogbo lè dojú rú. Ẹ dá àbúrò yín lóhùn pẹ̀lú ìfẹ́, kí ẹ sì wá ọ̀nà láti ran ọmọ náà lọ́wọ́ níbi tó wà.

Ohun tí ẹ ó ṣe níbi iṣẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní àkókò. Láàárín ọjọ́ méje tí ìwé ìsopọ̀ bá dé, ẹ kọ̀wé sí agbanisíṣẹ́ yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, pé ẹ fẹ́ gba ìsinmi ìsọdọmọ, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tí a retí pé ọmọ yóò dé. Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ní ọjọ́ 28 ó kéré tán ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àjọ náà kún un, èyí tí orúkọ àti àdírẹ́sì àjọ náà pẹ̀lú ọjọ́ ìsopọ̀ wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ 28 láti dá yín lóhùn pẹ̀lú ọjọ́ tí ìsinmi yóò parí. Bí ètò náà bá bàjẹ́ lẹ́yìn tí ọmọ ti dé, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ìsinmi àti owó lè tẹ̀síwájú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bí wọ́n bá sì ń dín òṣìṣẹ́ kù, òfin ti dáàbò bò yín láti oṣù kẹrin 2024: fún oṣù 18 láti ọjọ́ tí ọmọ dé, bí iṣẹ́ mìíràn tó yẹ yín bá ṣí sílẹ̀, ẹ̀yin ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún.

Bí máníjà yín bá ṣì kọ̀, ẹ mọ ohun tó kọ̀. Bí owó ni, kí wọ́n fún yín ní fọ́ọ̀mù SAP1, tó ń sọ ìdí tí wọn kò fi san án. Bí ẹ kò bá gba ìdí náà gbọ́, HMRC ló ń dá sí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì tún lè fi fọ́ọ̀mù náà han káńsù nígbà tí ẹ bá ń béèrè ìrànlọ́wọ́ tí mo sọ lókè. Bí ìsinmi ni wọ́n kọ̀, tàbí bí wọ́n bá lé yín nítorí rẹ̀, ẹ pe Acas, àjọ tó ń bá òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ parí ìjà, ní kíákíá, nítorí pé àkókò láti gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kì í pẹ́, Acas sì ni ẹ gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí ẹ tó débẹ̀. Kò sí owó láti bá wọn sọ̀rọ̀.